Ìdánwò Asch lórí títẹ̀lé èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn: ṣé èsì rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣé ó sì tọ́ kí a tan olùkópa?

Akẹ́kọ̀ọ́ Másítà béèrè:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú ìmọ̀ sàíkọ́lọ́jì. Orí kẹta iṣẹ́ ìwádìí mi ni mo wà báyìí, mo sì ti dé ibi tí n kò lè dá kọjá. Mo fẹ́ tún ìdánwò tí Solomon Asch, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1951 ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí n lè mọ ìgbà tí ènìyàn máa ń fi ohun tí ojú ara rẹ̀ rí sílẹ̀ nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wí.

Fún ẹni tí kò bá tíì kà nípa rẹ̀, bí ó ṣe lọ nìyí. Asch kó ọ̀dọ́mọkùnrin bíi méje sí mẹ́sàn-án jọ sínú yàrá kan, ó sì sọ fún wọn pé ìdánwò ojú ni wọ́n wá ṣe. Ó gbé páálí méjì síwájú wọn. Ìlà kan ṣoṣo wà lórí ọ̀kan, ìlà mẹ́ta tí gígùn wọn yàtọ̀ síra wà lórí ìkejì, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì sọ ọ́ sókè, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gùn bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ọmọdé lè dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni olùkópa gidi nínú wọn. Gbogbo àwọn yòókù ti bá olùwádìí dìmọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti to ìjókòó kí ó lè kan olùkópa gidi yìí nígbà tí gbogbo wọn tàbí gbogbo wọn àfi ẹnì kan bá ti sọ̀rọ̀ tán. Nínú ìgbà 18 tí wọ́n gbé páálí jáde, ìgbà 12 ni àwọn tó dìmọ̀ yìí fẹnu kò sórí ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Nínú gbogbo ìdáhùn tí àwọn olùkópa gidi fún wọn ní ìgbà 12 wọ̀nyí, ìdá 36.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn náà lọ.

Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìlànà ìwádìí wò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa dá fọ́ọ̀mù mi padà, wọ́n sì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí etí rẹ̀ pé kí n sọ ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ parọ́ fún olùkópa. Olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ mi ní tirẹ̀ sọ pé òun kò rí ohun tí ìdánwò tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ní Amẹ́ríkà ní ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn lè kọ́ wa nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tòní. Bí mo bá sọ òtítọ́ fún olùkópa ṣáájú, ìdánwò náà ti bàjẹ́. Bí n kò bá sì sọ, mo ti tan ẹni tó fọkàn tán mi. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé èsì ìdánwò yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó ohun tí a lè torí rẹ̀ tan ènìyàn? Èwo ni kí n kọ́kọ́ dáhùn nínú orí kẹta mi, ọ̀rọ̀ ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ni tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn?

Olùkọ́ Ọ̀nà Ìwádìí fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí a tó mọ̀ bóyá èsì kan fẹsẹ̀ múlẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ yín. Òótọ́ ni pé ìdá 36.8 bá àṣìṣe lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù, tó lé ní ìdá 63, jẹ́ ìdáhùn tí olùkópa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, lójú gbogbo àwọn tó takò ó, láìní alátìlẹyìn kankan. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni kò tẹ̀lé wọn rárá, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwòrán olùkópa kan wà nínú àpilẹ̀kọ tí Asch gbé jáde ní 1955: ó na ọrùn síwájú, ó ń wo páálí bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko, síbẹ̀ kò gbà fún wọn títí ó fi parí, ó ní bí òun bá ṣe rí i ni òun gbọ́dọ̀ ṣe sọ ọ́. Ní 1990, Friend, Rafferty àti Bramel yẹ àwọn ìwé ẹ̀kọ́ sàíkọ́lọ́jì wò, wọ́n sì rí i pé bí ọdún ti ń gorí ọdún ni àwọn ìwé náà túbọ̀ ń sọ ìdánwò yìí di ẹ̀rí pé ènìyàn kò lágbára kankan níwájú ọ̀pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àṣìṣe yẹn wọ inú orí kẹta yín.

Bí a bá wo inú ìdánwò náà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ dáadáa ni, mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí àwọn kan dáhùn ní ìdákọ́ńkọ́, àṣìṣe wọn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé ìlà ló ṣòroó wò. Lẹ́yìn èyí ni Asch wá ń yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ló takò olùkópa, ìdáhùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Bí wọ́n bá di méjì, àṣìṣe gòkè sí ìdá 13.6, bí wọ́n bá di mẹ́ta, ó di ìdá 31.8, kíkún tí wọ́n sì ń kún lẹ́yìn ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ mú un lọ sókè mọ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀ tó ń sọ òtítọ́ pẹ̀lú olùkópa, àṣìṣe rẹ̀ á já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí olùkópa kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé dípò kí ó sọ ọ́ sókè, ó tún máa ń lọ sílẹ̀ gan-an.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ kíkọ sílẹ̀ yìí, nítorí òun ló sọ ohun tí ìdánwò náà ń wọ̀n fún wa. Ojú kọ́ ló ń wọ̀n, ẹnu ni. Asch pe àwọn olùkópa jókòó lẹ́yìn ìdánwò, ó sì bi wọ́n léèrè ìdí. Àwọn kan ní àwọn gbà pé àwọn ló ṣì í, pé àwọn yòókù ló tọ̀nà. Àwọn mìíràn ní àwọn mọ̀ pé àwọn tọ̀nà ṣùgbọ́n àwọn kò fẹ́ ba iṣẹ́ olùwádìí jẹ́. Àwọn mìíràn rò pé àbùkù kan wà lára àwọn tí àwọn gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, nọ́ńbà kan náà ló sì kó gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tó bá tún ìdánwò yìí ṣe láìbi olùkópa léèrè ìdí yóò ní nọ́ńbà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tó kà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Asch sọ nígbà tó dàgbà pé ibi tí èrò yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni Poland, nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Lálẹ́ àjọ̀dún Ìrékọjá àwọn Júù, ìyá rẹ̀ àgbà bu wáìnì sínú ife kan sílẹ̀ de wòlíì Èlíjà, arákùnrin òbí rẹ̀ kan sì sọ fún un pé bí ó bá wò ó dáadáa, yóò rí i pé wáìnì inú ife náà yóò dín kù. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ife, ó sì dá a lójú pé ó dín kù lóòótọ́. Ọmọ tó gbàgbọ́ tọkàntọkàn ni ọmọ yìí, kò díbọ́n fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti olùkọ́ yín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Perrin àti Spencer tún un ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1980 láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣirò àti kẹ́mísítìrì, ìgbà kan péré nínú ìgbà 396 ni olùkópa tẹ̀lé àṣìṣe. Wọ́n ní ìgbà Asch ló bí èsì Asch. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà tún un ṣe pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tí ilé-ẹjọ́ fi sábẹ́ ìṣọ́, tí ẹni tó ń ṣọ́ wọn sì wà lára àwọn tó dìmọ̀, èsì náà sì padà jọ ti Asch. Ní 1996, Bond àti Smith kó ìwádìí 133 láti orílẹ̀-èdè 17 jọ, wọ́n rí i pé àwọn àwùjọ tí ẹbí àti ẹgbẹ́ ti ṣe pàtàkì máa ń tẹ̀lé ọ̀pọ̀ ju àwọn mìíràn lọ, àti pé ó ti ń dín kù ní Amẹ́ríkà láti ìgbà Asch. Franzen àti Mader tún un ṣe ní Bern, ní Switzerland, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2023: ìdá 33 ni wọ́n rí, nígbà tí wọ́n sì ń san owó fún ìdáhùn tó tọ̀nà, ó lọ sílẹ̀ sí ìdá 25. Ẹ ò rí i pé kò tíì di ìtàn.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti John Berry ní 1967, láàárín àwọn Temne ní Sierra Leone, tí í ṣe àgbẹ̀, àti àwọn Inuit ní erékùṣù Baffin, tí í ṣe ọdẹ. Àwọn Temne tẹ̀lé ohun tí wọ́n sọ fún wọn pé àwọn ènìyàn wọn máa ń yàn ju bí àwọn Inuit ti ṣe lọ. Ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé pé bí àwọn bá ti yan nǹkan, gbogbo àwọn ní láti fara mọ́ ọn, nítorí ohun tí àwọn ń pè ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀ nìyẹn. Ṣé àìlera ni ká pe ìyẹn, àbí ẹ̀kọ́ ilé? Bí ẹ bá fi akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kìn-ín-ní kan jókòó láàárín àwọn tó jù ú lọ ní ibi tí ọmọdé kì í ti í sọ fún àgbà pé irọ́ ló pa, tí ó sì gbà fún wọn, ìbọ̀wọ̀fágbà lẹ wọ̀n. Ẹ kò ní lè pè é ní ohun mìíràn.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì fèsì:

Ọmọ mi, o kú akitiyan. Kọ́ọ̀sì kan péré ni mo kọ́ nínú sàíkọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n èmi ti jókòó sórí àga ìkẹyìn yẹn rí, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí fún ẹni tó wà níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà. Olùkọ́ kan ní kí n dúró lẹ́yìn kíláàsì, pé ìdánwò ojú kékeré kan wà tí a fẹ́ ṣe. Mo bá àwọn mẹ́fà níbẹ̀, wọ́n ti jókòó, àga kan ló sì ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹnì kan nínú wọn ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan náà, tí a jọ ń mu gààrí nínú abọ́ kan. Páálí mílíìkì ni olùkọ́ náà gé, ó fi bírò aláwọ̀ búlúù fa ìlà sí i, ó sì fa ìlà kọ̀ọ̀kan ní àfatúnfà títí ó fi nípọn. Ìgbà méjì àkọ́kọ́, gbogbo wa sọ ohun kan náà. Ní ìgbà kẹta, ẹni àkọ́kọ́ sọ pé ìkejì ni, ẹni tó tẹ̀lé e sọ pé ìkejì ni, bẹ́ẹ̀ ìlà kẹta ni mò ń rí. Nígbà tó kan ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀ ló ń wò, ó ní “ìkejì”. Mo bọ́ awò ojú mi, mo fi etí yunifọ́ọ̀mù nù ún, mo tún un fi sójú. Gbogbo wọn ń dúró dè mí. Mo ní “ìkejì”.

Nígbà tó yá, n kì í wo páálí náà dáadáa mọ́. Ẹnu wọn ni mò ń wò.

Nígbà tí a parí, olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó tán, kí n máa lọ. Ọjọ́ kejì, níwájú gbogbo kíláàsì, ó kọ orúkọ mi sí ojú pátákó, ó kọ “9 nínú 12” sí iwájú rẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé bí ènìyàn ṣe ń bẹ̀rù ẹgbẹ́ nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Títí ọdún yẹn fi parí, n kò na ọwọ́ sókè dáhùn ìbéèrè kankan nínú kíláàsì mọ́, kódà nígbà tí mo bá mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ ni pé kò sí ẹni tó bi mí léèrè ìdí tí mo fi dáhùn bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ti sọ fún mi ní ilé ìwòsàn ojú pé awò mi kò bá ojú mi mu mọ́, pé kí n pààrọ̀ rẹ̀, n kò sì tíì rí owó rẹ̀. Mo gbà pé ojú mi ló ń tàn mí. Mo ṣe ohun tí ẹni tó ní ọgbọ́n yóò ṣe bí ojú rẹ̀ kò bá dára: mo gbọ́ ti àwọn tí ojú wọn dára. Ẹ̀rù ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ náà ṣe kọ́ gbogbo kíláàsì ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì fi orúkọ mi kọ́ wọn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ti ẹnìkan gan-an kò gbọ́ kó tó dájọ́.

Ọ̀rẹ́ mi náà kò bọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé kì í sábà dárúkọ àwọn tí wọ́n ní kí ó parọ́. Kò lè bá mi jẹun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ní bí òun bá ti rí abọ́ gààrí yẹn ni òun máa ń rántí pé òun wo ilẹ̀.

Ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìlànà Ìwádìí fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí, Ìyá wa. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ ni ẹ ti sọ.

Mo ti wà nínú irú ìgbìmọ̀ tó dá fọ́ọ̀mù akẹ́kọ̀ọ́ yìí padà. Nígbà tí Asch ń ṣe tirẹ̀, kò sí òfin tó ní kí ó gbé ìwé lọ bá ìgbìmọ̀ kankan. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà kò tẹ ìwé ìlànà ìwà wọn àkọ́kọ́ jáde títí di 1953. Stanley Milgram, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Asch rí, ló mú kí ariwo ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Nínú èsì tó gbé jáde ní 1963, ọkùnrin 26 nínú 40 ni wọ́n gbà láti tẹ bọ́tìnì iná mànàmáná títí dé 450 fólítì nítorí pé olùwádìí ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n rò pé ẹlòmíràn ni iná náà ń gbé, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń gbọ̀n. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Diana Baumrind kọ̀wé pé ẹni tó gba olùwádìí gbọ́ kò yẹ kó jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ Tuskegee tú síta ní 1972, níbi tí wọ́n ti fi àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní àìsàn rẹ́kórẹ́kó sílẹ̀ láìtọ́jú fún ogójì ọdún, Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1974 pé kí ìgbìmọ̀ máa yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò, ìròyìn Belmont ti 1979 sì gbé òpó mẹ́ta kalẹ̀: kí a bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, kí a ṣe é lóore kí a má ṣe é níbi, kí a sì pín ẹrù àti èrè ìwádìí pẹ̀lú òdodo.

Ìlànà àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà tòní kò ní kí a má tan olùkópa rárá. Ó ní kí ẹ fi hàn pé ohun tí ìwádìí náà yóò kọ́ wa tó bẹ́ẹ̀, pé ọ̀nà mìíràn tí kò ní ẹ̀tàn kò ṣeé gbà, pé ẹ̀tàn náà kò bo ìrora mọ́lẹ̀. Kí ẹ sọ òtítọ́ fún olùkópa ní kíá tó bá ti ṣeé ṣe, kí ẹ sì gbà bí ó bá ní kí ẹ yọ ìdáhùn òun kúrò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé. Olùkópa kò mọ ohun tó ń yọ̀ǹda nígbà tó buwọ́ lu ìwé. Ìgbà tí ẹ bá sọ òtítọ́ fún un tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lè yọ̀ǹda.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ìlà lásán kò tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Òótọ́ ni, ìtìjú tí ìdánwò Asch ń dá sílẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Milgram bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá wa. Èyí tó pa á lára jù ni pátákó ọjọ́ kejì.

Mo tún mọ̀ pé ohun tó jọ ìgbésí ayé gidi jù ló máa ń ṣòroó fún ní ìyọ̀ǹda jù. Ní 1966, Hofling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ẹnì kan tí àwọn nọ́ọ̀sì kò mọ̀ rí pè wọ́n lórí fóònù bíi dókítà, kó ní kí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn tó jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí ara páálí rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá. 21 nínú 22 ni wọ́n gbéra láti fún un kí wọ́n tó dá wọn dúró. Àwọn nọ́ọ̀sì yẹn kò mọ̀ pé ìwádìí ni. Ní 1977, Rank àti Jacobson lo oògùn tí nọ́ọ̀sì mọ̀ dáadáa, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí nọ́ọ̀sì lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, 2 nínú 18 péré ló fẹ́ fún un. Bí alábàárò bá wà nítòsí, ọ̀rọ̀ á yí padà, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wa ti sọ nípa ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ òtítọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkópa.

Ìbéèrè mi sí yín nìyí: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ lò, ṣé ẹ̀yin tàbí olùkọ́ yín lẹ ń fún wọn ní máàkì? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyọ̀ǹda wọn kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

Akẹ́kọ̀ọ́ Másítà fèsì:

Ẹ ṣé púpọ̀, mà, fún ohun tí ẹ sọ nípa ara yín. N kò rò ó rí pé ẹni tí mo bá ní kó parọ́ náà lè fara gbá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, òótọ́ ni, kíláàsì tí olùkọ́ mi ń kọ́ ni mo fẹ́ lò tẹ́lẹ̀. Mo máa lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ohun méjì ló kù tó ń dà mí láàmú. Bí mo bá sọ òtítọ́ fún olùkópa ní kété tó parí, yóò dé họ́ọ̀stẹ́lì, yóò sọ fún àwọn yòókù, kí ilẹ̀ sì tó ṣú gbogbo wọn á ti mọ̀. Èkejì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti rí ìdánwò yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ti rí páálí tí a fa ìlà sí, wọ́n á fura. Ṣé kò sí ọ̀nà tí n kò fi ní kó ẹnikẹ́ni jọ láti parọ́?

Olùkọ́ Ọ̀nà Ìwádìí fèsì:

Ó wà. Richard Crutchfield ti gbìyànjú rẹ̀ ní 1955: ó fi olùkópa kọ̀ọ̀kan sínú yàrá kékeré tirẹ̀, iná tó ń tàn lójú pátákó ló sì ń sọ ìdáhùn tí ó rò pé àwọn yòókù mú wá fún un. Kò nílò ẹni tó dìmọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló wá ń parọ́ dípò ènìyàn, irọ́ sì ni irọ́ ń jẹ́. Èyí tó wù mí jù ni ti Kazuo Mori àti Miho Arai ní Japan ní 2010. Wọ́n kó ènìyàn 104 jọ ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n fún gbogbo wọn ní awò ojú, ṣùgbọ́n awò ẹnì kan nínú mẹ́rin yàtọ̀ débi pé ìlà tó ń rí kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Gbogbo wọn ló ń sọ ohun tí ojú wọn rí ní tòótọ́. Kò sí ẹni tó ní láti wo ilẹ̀. Àwọn obìnrin inú wọn tẹ̀lé ọ̀pọ̀ bíi ti Asch, àwọn ọkùnrin kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún lè lo ọ̀nà yìí fún àwọn tó mọra tẹ́lẹ̀, èyí tó sàn fún ohun tí ẹ ń wá, nítorí ẹgbẹ́ tí a mọ̀ la sábà máa ń tẹ̀lé láyé gidi, kì í ṣe àwọn àjèjì mẹ́fà inú yàrá kan. Ẹ kò ní sọ ọ̀rọ̀ awò náà fún wọn ṣáájú, nítorí náà ẹ̀tàn díẹ̀ kù síbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù yín.

Ní ti họ́ọ̀stẹ́lì, ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ sì bẹ olùkópa kọ̀ọ̀kan kó bá yín pa á mọ́ fún iye ọjọ́ yẹn. Ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún sábà máa ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀bẹ̀. Ní ti ìfura, ẹ bi wọ́n léèrè. “Kí lẹ rò pé à ń wá?” ni kó jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìdánwò, kí ẹ tó la ẹnu sọ ohunkóhun. Ẹ kọ iye àwọn tó fura sínú èsì yín, kí ẹ sì ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú wọn àti láìsí wọn.

Ẹ béèrè èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn nínú orí kẹta. Ẹ kọ wọ́n pọ̀ sábẹ́ àkọlé kan. Ìjíròrò tí ẹ ó bá olùkópa ṣe kó tó jáde ni ìgbìmọ̀ ń béèrè fún kí ìtìjú má baà bá a lọ sílé. Òun náà ni yóò sọ fún yín bóyá awò tó bàjẹ́ ló mú un dáhùn tàbí ẹ̀rù ẹgbẹ́.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì fèsì:

Ọmọ mi, n kò mọ ọ̀rọ̀ ìṣirò, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi kan kún un. Má ṣe bá wọn sọ̀rọ̀ ní méjì-méjì. Mú ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, jókòó, má ṣe dúró lé e lórí. Jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni kí o wá fún un ní awò ojú kejì kó gbé e wò fúnra rẹ̀, kó rí ìlà náà bí àwọn yòókù ṣe rí i. Bí ẹnì kan bá fún mi ní páálí mílíìkì yẹn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kó ní kí n fi rúlà wọ̀n ọ́n, mi ò bá ti mọ̀ pé ojú mi kò tàn mí.

Jẹ́ kó hàn sí i pẹ̀lú pé orúkọ rẹ̀ kò sí lára ìwé ìdáhùn náà. Má kàn sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Fi ìwé náà hàn án.

Akẹ́kọ̀ọ́ Másítà fèsì:

Mo gbọ́, mà. Awò ojú ni màá lò, ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin tó ti mọra tẹ́lẹ̀, tí ọjọ́ orí wọn kò sì jìnnà síra, láti ẹ̀ka tí olùkọ́ mi kò ti fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Mo ti tún fọ́ọ̀mù náà kọ lálẹ́ àná, ibi tí wọ́n ti ní kí n ṣàlàyé ẹ̀tàn sì kà báyìí: “Ohun kan wà nípa ìdánwò yìí tí a kò ní sọ fún yín títí yóò fi parí. Bí ó bá ti parí, a ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀yin nìkan kí ẹ tó kúrò nínú yàrá, a ó sì fún yín ní awò ojú ẹnìkejì yín kí ẹ fi wò ó. Bí ẹ bá ní kí a má lo ìdáhùn yín, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó fa ìwé náà ya.”